“Ṣé kímò méjì ò tíì tó?” Ibi tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin ti ń já lójú ọ̀nà

Láìpẹ́ yìí, níbi tí a ti ń ṣe ètò ìlera wa ti àárọ̀, obìnrin kan pè wá lórí fóònù. Kò fẹ́ dárúkọ, a ò sì fipá bi í. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá wa, wọ́n ní jẹjẹrẹ ilé-ẹyin ni. Dókítà ní kí wọ́n gba kímò mẹ́fà. A ti ṣe méjì, owó ti tán. Ṣùgbọ́n ikùn wọn ti wálẹ̀, wọ́n sì ti ń jẹun dáadáa. Ṣé kímò méjì ò tíì tó ni?”

Dókítà tó jẹ́ àlejò wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjì péré ló kù kí ìròyìn bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn yẹn wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan lára ohun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ìlérí pé wọ́n máa ra ẹ̀rọ ìtànṣán tuntun fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ.

Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ìdí ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣèlérí yẹn, kódà bí wọ́n bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé màmá yẹn, àǹfààní tó máa ṣe fún wọn kò tó nǹkan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le létí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ilé-ẹyin ni ibi méjì tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì ilé-ọmọ, níbi tí ẹyin obìnrin ti ń jáde lóṣooṣù. Àwọn onímọ̀ ti wá rí i báyìí pé èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ yìí, inú ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé-ọmọ ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òun ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ o. Abẹ́rẹ́ HPV tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún fún àwọn ọmọbìnrin wa ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ti ẹnu ilé-ọmọ nìyẹn. Àyẹ̀wò Pap smear náà, ti ẹnu ilé-ọmọ ni. Bí wọ́n bá ṣe Pap smear fún yín tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ ilé-ẹyin yín wò.

Iye tí IARC, ìyẹn ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, gbé jáde fún ọdún 2022 ni pé obìnrin tó lé ní 320,000 ni àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lágbàáyé lọ́dún náà, ó sì pa àwọn tó lé ní 200,000. Ohun tó mú kó máa pààyàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé ó máa ń fara pamọ́. Ikùn á máa wú. Oúnjẹ díẹ̀ á ti yó èèyàn. Ìsàlẹ̀ ikùn á máa dùn, ìtọ̀ á máa gbé èèyàn lemọ́lemọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa fún un: ọgbẹ́ inú ni, taifọ́ọ̀dù ni, jẹ̀díjẹ̀dí ni, ìju ni. Tó bá wá jẹ́ ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́, tí ikùn wá yọ bíi ti aboyún, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni.

Mi ò bá wọn wí jù, torí ọgbẹ́ inú àti ìju wà lóòótọ́, wọ́n sì wọ́pọ̀ ju jẹjẹrẹ yìí lọ dáadáa. Dókítà gan-an lè ṣì í mú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ìdílé nílùú Ọba ni pé tí irú àmì wọ̀nyí bá jẹ́ tuntun lára obìnrin, pàápàá ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sì ń ṣe é ju ìgbà méjìlá lọ láàárín oṣù kan, kí wọ́n yẹ ilé-ẹyin rẹ̀ wò. Ìṣirò yẹn rọrùn láti rántí, kò sì náni lówó.

Ẹnìkan lè wá sọ pé ṣebí kí gbogbo obìnrin kúkú máa lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n wọ́n ti dán an wò. Nílùú Ọba, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 200,000 jọ láti ọdún 2001, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ CA-125 àti scan fún àwọn kan nínú wọn lọ́dọọdún, wọn ò sì ṣe é fún àwọn yòókù. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2021, wọ́n rí i pé àyẹ̀wò náà kò dín iye àwọn tí àrùn náà pa kù. Nítorí náà, àwọn láàbù tó ń ta CA-125 mọ́ àyẹ̀wò gbogbo ara fún ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ẹ rọra fetí sí wọn. Ìju lè mú kí CA-125 ga. Oyún lè mú un ga. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọnú ikùn, tó ṣì wà nílẹ̀ wa, lè gbé e sókè débi tí gbogbo ẹ̀ á fi jọ jẹjẹrẹ. Fún ẹni tí àmì ti ń hàn lára rẹ̀ ni àyẹ̀wò náà wúlò, kì í ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ le.

Nígbà tí wọ́n bá wá fura, ọ̀bẹ ló kàn. Ibí yìí ni ìtọ́jú ti máa ń kọ́kọ́ já lọ́dọ̀ wa.

Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ilé-ẹyin kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ìju. Ilé-ẹyin méjèèjì, ọ̀nà ẹyin méjèèjì, ilé-ọmọ, àti ọ̀rá tó bo ìfun bí aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún wá gbogbo ikùn kiri, lábẹ́ ẹ̀dọ̀, lára ìfun, kí wọ́n lè yọ gbogbo hóró tí ojú bá rí. Ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an. Àwọn oníṣègùn gbà pé ohun tó bá kù nínú ikùn lẹ́yìn abẹ wà lára ohun tó ń pinnu jù lọ bí aláìsàn ṣe máa pẹ́ tó. Tí kò bá sí èyí tí ojú rí mọ́, ìyẹn ló dáa jù. Àwọn dókítà tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní pàtó wà, àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ obìnrin nìkan, àmọ́ wọn ò pọ̀, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì lẹ ti sábà máa ń rí wọn.

Kí wá ló máa ń ṣẹlẹ̀? Obìnrin á lọ sí ilé ìwòsàn àdáni tó wà ládùúgbò, wọ́n á ní ìju ni, wọ́n á dáye lé owó, wọ́n á là á. Nígbà tí wọ́n bá dénú ikùn ni wọ́n á rí i pé ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yọ èyí tí ọwọ́ tó, wọ́n á rán an padà. Ẹran tí wọ́n gé jáde, wọ́n á bù ú sínú ike, wọ́n á gbé e jáde síta kí àwọn ẹbí lè fi ojú ara wọn rí i. Gbogbo wa ló mọ àṣà yìí. Àwọn ẹbí á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, wọ́n á da ẹran náà nù. Kò sí ẹni tó gbé e lọ sí láàbù kí wọ́n fi awò ńlá wò ó. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ikùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò sì ní sí ìwé kankan tó máa sọ fún dókítà tuntun ohun tí wọ́n rí nígbà àkọ́kọ́. Bí ẹ ò bá mú nǹkan míì nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí: ohunkóhun tí wọ́n bá gé kúrò lára obìnrin yín, ẹ ní kí wọ́n fi sínú fọ́málìnì, kí ó dé láàbù, kí ẹ sì gba ìwé àbájáde rẹ̀ sọ́wọ́. Owó láàbù yẹn kéré gan-an lára owó abẹ.

Nǹkan míì tún wà. Tí scan bá fi hàn pé omi inú kókó kan ní ilé-ẹyin fẹ́ jọ ti jẹjẹrẹ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fà á tàbí kó bẹ́ ẹ. Èyí tó wà ní ojú kan, tí wọn ì bá yọ odindi, lè tú sínú ikùn.

Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ṣì fẹ́ bímọ máa ń bẹ̀rù pé wọ́n á yọ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe dandan. Oríṣi tó máa ń mú àwọn ọmọdébìnrin àti ọ̀dọ́ yàtọ̀ sí ti àwọn ìyá, ó sì máa ń gbọ́ oògùn dáadáa. Wọ́n lè yọ apá kan ṣoṣo, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ pẹ̀lú ilé-ọmọ. Ìyẹn tún jẹ́ ìdí kan tí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ kàn án.

Ó wá ku kímò, níbi tí ẹni tó pè wá há sí.

Oògùn méjì ni wọ́n sábà máa ń fà sí ara papọ̀, carboplatin àti paclitaxel, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ìgbà mẹ́fà. Tí àrùn bá ti fọ́n jù, tàbí tí ara aláìsàn ò gbé abẹ, wọ́n lè ṣe mẹ́ta ṣáájú abẹ, kí wọ́n ṣe mẹ́ta yòókù lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe oògùn tuntun. Láti ọdún 1989 ni wọ́n ti fọwọ́ sí carboplatin fún àrùn yìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fọwọ́ sí paclitaxel lọ́dún 1992. Àwọn méjèèjì wà nínú ìwé oògùn kòṣeémàní ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lórí wọn sì ti parí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó pọ̀ ní India fi ń ṣe wọ́n.

Kí ló dé tí méjì ò fi tó? Kímò kìíní àti èkejì ló máa ń fi ara hàn jù. Omi inú ikùn á gbẹ, aláìsàn á jẹun, àwọn ará ilé á ní iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ò rí ṣì wà níbẹ̀, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ mẹ́fà. Ẹni tó ro ìdajì oko tó sì lọ jókòó sílé, ẹ mọ ohun tí koríko máa ṣe. Tí àlàfo bá gùn, èyí tó kù á gbèrú, èyí tó sì ti fara da oògùn lè di èyí tí oògùn náà ò ní í ràn mọ́. Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ màmá yẹn ni pé rárá, méjì ò tó. Ìkùn tó wálẹ̀ yẹn fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́, kò fi hàn pé iṣẹ́ ti tán.

Mi ò sì ní í parọ́ fún yín. Tí àrùn náà bá ti fọ́n káàkiri inú kí wọ́n tó rí i, ó máa ń padà wá lára ọ̀pọ̀, kódà lẹ́yìn mẹ́fà pé, kódà ní òkè òkun. Ní Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n rí tiwọn nígbà tí kò tíì kúrò lójú kan, ó ju àádọ́rùn-ún lọ tó ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Tó bá ti fọ́n jìnnà, ó máa ń wálẹ̀ sí nǹkan bí ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n àárín “ó lè padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan” àti “ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta torí owó tán” jìn síra wọn. Ọdún méjì mẹ́ta tí ìyá máa fi wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe nǹkan kékeré lójú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wá dé. Nígbà tí wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Èkó lọ́dún 2019, inú gbogbo wa dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ti ọmú, ti prostate, gbogbo wọn ló nílò ẹ̀rọ ìtànṣán. Ti ilé-ẹyin yàtọ̀. Ó máa ń fọ́n sí gbogbo ikùn bí ẹni fọ́n gààrí sílẹ̀, ẹ ò sì lè tan ìtànṣán sí gbogbo ikùn láìba ìfun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Wọ́n lè lò ó láti dín ìrora kù lójú kan, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìtọ́jú. Oníṣẹ́ abẹ, dókítà láàbù, àti oògùn tí kò ní í já lójú ọ̀nà ni ìtọ́jú. Kò sí èyí tí èèyàn lè gé ríbọ́n sí lára mẹ́ta yìí, bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi wọ ìròyìn. Èmi tí mò ń ṣe ìròyìn náà ní ẹ̀bi tèmi níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú okùn náírà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦460 gòkè kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oògùn tó ń ti òkè òkun wọlé bá a gòkè. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2023 yẹn náà ni GSK kéde pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Òfin adójútòfò ìlera tuntun ti wà láti ọdún 2022, ó ní dandan ni fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ìyá tó wà lọ́jà bóyá káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún àwọn aláìní tó ní jẹjẹrẹ, nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ti ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti prostate ni wọ́n fi síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn mẹ́ta yẹn ló wọ́pọ̀ jù, a kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, carboplatin àti paclitaxel yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún àwọn jẹjẹrẹ míì. Tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá rà wọ́n lọ́pọ̀, kì í ṣe aláìsàn kan ló máa jèrè.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ́rọ̀ àgbo, torí tí mi ò bá sọ ọ́, ẹ̀yin olùgbọ́ wa máa sọ ọ́ fún mi. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rédíò, lẹ́yìn ètò ìlera gan-an ni ìpolówó àgbo tó ń “fọ ìju, fọ kókó, fọ gbogbo wúwú inú” máa ń wọlé. Owó ìpolówó yẹn ló ń ra díísù fún jẹnẹrétọ̀. NAFDAC ní wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó jáde, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tó ta oògùn náà ló gbé makirofóònù dání, ta ló máa dá a dúró? Mi ò kórìíra ewé àti egbò. Paclitaxel tí mo dárúkọ yẹn, lára èèpo igi ni wọ́n ti rí i. Lọ́dún 1962 ni wọ́n bó èèpo igi kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1971 ni àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ Monroe Wall àti Mansukh Wani sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì tún lo ọdún mọ́kànlélógún míì kí wọ́n tó gbà á láyè fún jẹjẹrẹ ilé-ẹyin. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wá ìwọ̀n tó máa pa àrùn láìpa aláìsàn. Ẹni tó bá ní òun ti rí tòun nínú ike omi ẹlẹ́rìndòdò, kó gbé e wá kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Kó má ṣe sọ fún ẹni tó ti gba kímò méjì pé kó wá gba tòun dípò mẹ́rin tó kù.

Ohun kan wà tó jẹ mọ́ ìdílé wa ní pàtó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, ti pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ jíìnì tó ń ran jẹjẹrẹ láti ara òbí sí ọmọ. Ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú àwọn obìnrin Nàìjíríà mẹ́jọ tó ní jẹjẹrẹ ọmú, nǹkan bí ẹyọ kan ló jẹ́ pé ó jogún jíìnì tó ní àbùkù, BRCA1 àti BRCA2 ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn jíìnì yẹn kan náà ló ń fa jẹjẹrẹ ilé-ẹyin. Obìnrin tó ní àbùkù BRCA1, nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn ló lè ní in láyé wọn, nígbà tó jẹ́ pé ti àwọn obìnrin yòókù kò tó méjì. Angelina Jolie, òṣèré Amẹ́ríkà, ní BRCA1 yìí. Jẹjẹrẹ pa ìyá rẹ̀, òun sì ní kí wọ́n yọ ilé-ẹyin òun lọ́dún 2015 kó tó di nǹkan. Nítorí náà, tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ilé-ẹyin, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Àwọn tó ní BRCA yìí tún ní oògùn oníhóró kan, olaparib, tí wọ́n máa ń lò fún ọdún méjì lẹ́yìn kímò. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, lẹ́yìn ọdún méje, 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ló ṣì wà láàyè, nígbà tí ti àwọn tí kò lò ó jẹ́ nǹkan bí 46. Owó rẹ̀ kọjá ọ̀pọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò parí kímò mẹ́fà ò tiẹ̀ tíì dé ìdí rẹ̀.

Ọmọ màmá yẹn, tó bá ń ka èyí: ẹ má dúró sílé nítorí pé ẹ ń ti dókítà lójú. Ẹ padà lọ, ẹ sọ fún wọn pé owó ló tán, kí wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ẹ gba èyí tó kẹ́yìn. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, yàrá kan wà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìṣòro aláìsàn, wọ́n ń pè wọ́n ní social welfare. Iṣẹ́ wọn ni láti wá ìrànwọ́, ẹ sì bi wọ́n bóyá adójútòfò ìpínlẹ̀ yín lè gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tó ti kọjá kò burú tó oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún ọdọọdún ni wọ́n ya sọ́tọ̀ lágbàáyé fún jẹjẹrẹ yìí, láti ọdún 2013. Tó bá tún pé, bóyá kọmíṣọ́nà kan á wá sí ibùdó wa. Mo ti kọ ìbéèrè mi sílẹ̀: carboplatin mélòó ló wà nílé oògùn ìjọba yín lónìí? Dókítà láàbù mélòó ló kù tí kò tíì jápa? Obìnrin mélòó ló bẹ̀rẹ̀ kímò lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá, mélòó ló sì dé ìkẹfà?